Orúkọ Igi Kọ́ Ni Ó Ń Gbé Òrùlé Ró: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Dán Agbára Gẹdú Wò



Àkọ́sọ

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí agbára igi. Ìdí méjì ni mo ní. Èkíní ni pé ìwé tí ẹ̀kọ́ yìí ti ṣẹ̀ wá jẹ́ ìwé ìtàkùrọ̀sọ: ènìyàn mẹ́ta jókòó, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i nínú eré-onítàn. Iṣẹ́ mi ni láti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Èkejì kàn mí fúnra mi. Nígbà tí mo ń kọ́lé, mo ra pákó òrùlé lọ́jà. Ẹni tí ó tà á sọ orúkọ igi náà fún mi; káfíńtà mi yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà sì gbà pé orúkọ náà kò yẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta tí àwọn òṣìṣẹ́ gun òkè, ọ̀kan nínú àwọn pákó náà ṣẹ́ mọ́ ọmọ-iṣẹ́ kan lẹ́sẹ̀. Ó já bọ́, apá rẹ̀ sì kán. Nígbà tí a gbé pákó náà wò, a rí i pé ibi tí kókó kan wà ní etí rẹ̀ nísàlẹ̀ ni ó ti ṣẹ́. Gbogbo pákó yòókù, tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà, dúró digbí. Ẹni tí ó ta igi kò purọ́, káfíńtà kò sì ya ọ̀lẹ. Orúkọ ni gbogbo wa gbẹ́kẹ̀ lé.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti ń jà gùdù lọ́kàn mi: bí ìwé bá sọ pé igi báyìí-báyìí lágbára tó báyìí-báyìí, igi wo gan-an ni wọ́n dán wò? Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé ìtàn ìdánwò gẹdú, láti 1638 títí di àkókò tiwa, dá lórí ohun méjì tí a sábà máa ń pè ní ọ̀kan ṣoṣo. Èkíní ni igi gẹ́gẹ́ bí irú, tí ó ní orúkọ. Èkejì ni ẹyọ pákó kan, tí ó ní kókó tirẹ̀, tí ẹnìkan yóò sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Nígbà tí a bá dán èyí àkọ́kọ́ wò, tí a sì fi èsì rẹ̀ ṣe ìdájọ́ fún èyí ìkejì, àfi kí a ṣọ́ra gidigidi.

1. Àwọn àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ ní Venice

Ní 1638, ní ìlú Leiden ní ilẹ̀ Họ́láńdì, wọ́n tẹ ìwé kan jáde tí Galileo Galilei kọ. Galileo ti lé ní 70 ọdún nígbà náà. Ilé rẹ̀ ní Arcetri, nítòsí Florence, ni ìjọ Kátólíìkì sé e mọ́ lẹ́yìn ẹjọ́ 1633. Orúkọ àwọn mẹ́ta tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà ni Salviati, Sagredo àti Simplicio. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ti ojú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìràwọ̀. Ibi tí àwọn ará Venice ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń sọ pé ọkọ̀ ńlá nílò òpó àti ìtìlẹ́yìn ju ọkọ̀ kékeré lọ, bí ìrísí wọn tilẹ̀ bá ara mu délẹ̀délẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní bí ìrísí ohun méjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ohun tí ó bá di kékeré mú gbọ́dọ̀ di ńlá mú. Galileo gbè sẹ́yìn oníṣẹ́ ọwọ́. Bí a bá mú igi kan, tí a sọ gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìwúwo rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ó lè gbà sórí kí ó tó ṣẹ́ yóò di ìlọ́po mẹ́rin péré. Ohun ńlá a máa fi ara rẹ̀ ṣe ẹrù fún ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ìtàkùrọ̀sọ náà, Galileo sọ̀rọ̀ nípa igi ìdábùú kan tí a ri ìdí rẹ̀ mọ́ ògiri, tí a sì so ẹrù kọ́ orí rẹ̀. Òfin tí ó fà yọ níbẹ̀ ni gbogbo káfíńtà ń lò títí di òní, bí wọ́n tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n. Bí a bá sọ ìbú igi di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Bí ó bá jẹ́ gíga rẹ̀ ni a sọ di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí a fi ń dá pákó òrùlé dúró lórí etí rẹ̀, tí a kì í tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Síbẹ̀, Galileo ṣe àṣìṣe kan. Ó rò pé gbogbo fọ́nrán igi náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ni a ń fà, àti pé wọ́n ń tako fífà náà bákan náà. Kò kíyè sí i pé apá kan igi ni a ń nà, tí a sì ń fún apá kejì pọ̀. Nítorí náà, bí a bá fi ìṣirò rẹ̀ wá agbára igi ìdábùú láti inú agbára fọ́nrán rẹ̀, iye tí a ó rí a máa tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí ó tọ́. Antoine Parent ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní 1713. Coulomb náà tún ṣe é ní 1773, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn tẹ́wọ́ gbà.

2. Óákù ilẹ̀ Faransé

Ìṣirò nìkan kò kan ọkọ̀. Ní àwọn ọdún 1730, ìjọba Faransé ń wá igi óákù fún ọkọ̀ ogun ojú omi, mínísítà tí ó wà nídìí ọ̀ràn ọkọ̀, Maurepas, sì ké sí ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kan, Georges-Louis Leclerc, ẹni tí ayé wá mọ̀ sí Buffon. Buffon ní igbó ní Montbard ní agbègbè Burgundy; igi kò wọ́n ọn.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ìbá ṣe. Ó gé igi kéékèèké, ó ń ṣẹ́ wọn, ó sì ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iye náà kò bára mu. Àwọn tí ó gé láti ara ìtì kan náà yàtọ̀ síra: èyí tí ó sún mọ́ àárín igi kò rí bí èyí tí ó sún mọ́ èèpo, ti ìdí igi kò rí bí ti òkè, bí òbìrípo ọdún inú igi bá dúró, agbára rẹ̀ yàtọ̀ sí ìgbà tí ó bá dùbúlẹ̀. Igi kan ṣoṣo ń fún un ní ẹ̀rí púpọ̀ tí wọ́n ń ta ko ara wọn.

Ibí yìí ni ìwà ọlọ́gbọ́n ti hàn. Buffon lè kó gbogbo iye náà pọ̀, kí ó pín in dọ́gba, kí ó sì lọ sùn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pinnu pé kò sí ohun tí ó lè sọ bí igi ńlá ṣe ń ṣẹ́ bí kò ṣe igi ńlá fúnra rẹ̀. Ó gbé ìdábùú óákù tí ìbú àti gíga wọn jẹ́ ínǹṣì 4 títí dé 8 sórí òpó méjì. Àwọn kan nínú wọn gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 28. Ó ń di ẹrù lé àárín wọn títí wọn yóò fi ṣẹ́. Ó rí i pé òfin Galileo nípa ìbú àti gíga dúró. Pé bí igi bá ti ń gùn sí i ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Àti pé igi tí ó wúwo jù fún ìwọ̀n kan náà ni ó sábà máa ń lágbára jù.

Ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, lójú tèmi, ni èyí tí ó jẹ mọ́ àkókò. Ó kíyè sí i pé ìdábùú tí ẹrù kan ṣẹ́ láàárín wákàtí kan lè gbé ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹrù náà fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà kí ó ṣẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni fi kún un. Àwọn tí ó gbé ìdajì ẹrù náà ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Wọ́n tẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ṣẹ́. Ìmọ̀ràn rẹ̀ fún àwọn akọ́lé ni pé wọn kò gbọdọ̀ fi ju ìdajì lọ sórí igi tí yóò pẹ́. Ohun tí igi lè gbé lónìí yàtọ̀ sí ohun tí ó lè máa gbé.

Ẹlòmíràn tí ó bá Buffon gbé ayé pọ̀, tí ó sì ń bá a díje, ni Duhamel du Monceau. Ìdánwò kan tí ó ṣe rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé fi lè ṣe é. Ó fi ayùn rẹ́ ojú òkè igi wílò, ó sì ki èèkàn tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara igi líle bọ ojú ibi tí ó rẹ́. Bí ó tilẹ̀ rẹ́ ẹ wọlé dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, agbára igi náà kò dín kù. Ìdí rẹ̀ ni pé ńṣe ni a ń fún ojú òkè pọ̀, ohun tí a sì ń fún pọ̀ kò ní í ya bí ohun kan bá dí i. Ojú ìsàlẹ̀ ni a ń fà ya. Nígbà tí mo ka èyí ni mo tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí òrùlé mi: ká ní òkè ni a dojú kókó náà kọ, bóyá pákó náà ìbá gbé ọmọ-iṣẹ́ náà.

3. Pákó tí kò ní àléébù

Ẹnikẹ́ni yóò rò pé lẹ́yìn Buffon, igi ńlá ni ayé yóò máa dán wò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá ilé ìwádìí ohun igbó sílẹ̀ ní Madison ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní 1910, àti nígbà tí irú rẹ̀ fìdí múlẹ̀ ní Princes Risborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927, ọ̀nà kékeré ni wọ́n padà sí. Ní Amẹ́ríkà, igi ìdánwò náà jẹ́ ínǹṣì 2 níbùú, 2 ní gíga, 30 ní gígùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó yá, ó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: mílímítà 20 níbùú àti ní gíga, 300 ní gígùn. Ó gbọ́dọ̀ tọ́. Kò gbọdọ̀ ní kókó, kò gbọdọ̀ sán, fọ́nrán rẹ̀ kò gbọdọ̀ dagun. A ó gbẹ ẹ́ títí omi inú rẹ̀ yóò fi jẹ́ nǹkan bí 12 nínú 100 ìwúwo igi gbígbẹ. A ó gbé e sórí ẹsẹ̀ méjì, ẹ̀rọ yóò máa tẹ àárín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a ó máa kọ ẹrù àti bí ó ti tẹ̀ tó sílẹ̀ títí yóò fi ṣẹ́.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi tí ó bá tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Igi tí ó tọ́ náà ni ilé ìwádìí mú. A kò sì lè pe èyí ní ìwà òmùgọ̀. Ìtì igi ń ti ọ̀nà jíjìn wá, láti ilẹ̀ tí àwọn aláwọ̀ funfun ń jẹ gàba lé lórí. Ìtì díẹ̀ ló ń débẹ̀, a sì lè gé ẹ̀rí púpọ̀ láti ara wọn bí a bá gé wọn kéékèèké. Bákan náà ni ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ jẹ́ ìwà irú igi náà, kí wọ́n lè fi í wé òmíràn. Kókó kì í ṣe ìwà irú igi. Ohun tí ó bá igi kan ni. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, irú ni yóò kù.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a fẹ́ fi iye náà kọ́lé. Onímọ̀ ẹ̀rọ jókòó, ó ń yọ díẹ̀díẹ̀ kúrò lórí ìwé: ó yọ fún ìyàtọ̀ láàárín igi kan àti èkejì, ó yọ fún kókó, ó yọ fún ẹrù tí ó pẹ́ lórí igi, ó tún yọ díẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ní ti ẹrù tí ó pẹ́, Lyman Wood ní Madison kọ ọ́ ní 1951 pé ohun tí igi lè gbé fún ọdún 10 jẹ́ díẹ̀ lé ní 60 nínú 100 ohun tí ó gbé ní ìṣẹ́jú mélòó kan nínú ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ti Buffon ní igba ọdún sẹ́yìn.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti kan ilé wa. Igi igbó wa wà lára àwọn tí wọ́n dán wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ tí àwọn bàbá wa ń pè wọ́n sì ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ́ ní ọjà àgbáyé títí di òní: iroko, idigbo, afara, abura, opepe. Bí wọ́n ti kọ wọ́n ni mo ṣe kọ wọ́n yẹn, láìsí àmì ohùn. Ọmọ Yorùbá tí ó bá rí "afara" nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè mọ̀, àfi bí ó bá ka ìyókù gbólóhùn, bóyá igi ni tàbí ohun tí a fi ń sọdá odò. Orúkọ náà rin ìrìn àjò, ohùn rẹ̀ kò bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni igi náà rin ìrìn àjò, tí kókó rẹ̀ kò bá a lọ. Nígbà tí ìlànà ilé fífi igi kọ́ ti Nàìjíríà, NCP 2, jáde ní 1973, ó pín àwọn igi wa sí ọ̀wọ́ méje, láti N1 dé N7, orí àyẹ̀wò igi kéékèèké tí kò ní àléébù ni ìpín náà sì dúró lé.

4. Ìpadàsọ́jà

Ní àwọn ọdún 1970, ní Yunifásítì British Columbia ní ìlú Vancouver ní Kánádà, olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan, Borg Madsen, béèrè ìbéèrè tí Buffon ti dáhùn: kí ní dé tí a kò dán pákó tí àwọn ènìyàn ń rà lọ́jà gan-an wò? Pákó bí ó ti ń ti ilé ìlagi jáde ni ó mú, pẹ̀lú kókó àti àléébù rẹ̀, ó sì tẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ọgbọ́n kan tí ó dá ni pé kò pọn dandan kí a ṣẹ́ gbogbo wọn. Ó ń fi ẹrù tẹ̀ wọ́n dé ibi tí àwọn aláìlágbára díẹ̀ nìkan yóò ti ṣẹ́. Àwọn yòókù ṣì wúlò fún ilé. Àwọn aláìlágbára ni ó fẹ́ mọ̀, nítorí ara wọn ni ewu wà.

Ohun tí ó rí mú àríyànjiyàn wá. Gbogbo ènìyàn gbà pé bí igi bá gbẹ, agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i, òótọ́ sì ni èyí fún igi kékeré tí kò ní àléébù. Ṣùgbọ́n láàárín pákó ọjà, àwọn tí ó lágbára nìkan ni gbígbẹ ń fún ní agbára kún agbára. Àwọn tí kò lágbára, tí kókó ni ó ń ṣẹ́ wọn, kò jèrè ohun tí ó tó nǹkan. Ìyẹn ni pé ẹ̀bùn tí wọ́n ti ń fún gbogbo pákó lórí ìwé kò dé ọwọ́ àwọn tí wọ́n nílò rẹ̀ jù. Kì í ṣe pé ẹ̀rí igi kékeré jẹ́ irọ́. Ẹlòmíràn ni ó ń jẹ́rìí nípa rẹ̀.

Láti òpin àwọn ọdún 1970, Amẹ́ríkà àti Kánádà gbé iṣẹ́ náà ṣe lọ́nà tí ó gbòòrò. Ní Amẹ́ríkà nìkan, pákó tí wọ́n dán wò lé ní 70,000, èsì rẹ̀ sì wọ ìwé ìlànà ilé kíkọ́ wọn ní 1991. Iye àwọn kan lọ sókè, ti àwọn mìíràn wálẹ̀. Ìpìlẹ̀ ìdájọ́ náà yé ẹni tí kò tilẹ̀ ka ìwé: bí a bá to 100 pákó láti orí èyí tí ó rẹlẹ̀ jù dé orí èyí tí ó lágbára jù, a kò ní í wo àárín, ẹ̀karùn-ún láti ìsàlẹ̀ ni a ó fi ṣe òdiwọ̀n fún gbogbo wọn.

5. Igi tí a lẹ̀ pọ̀

Ọ̀nà méjì ni a gbà ń sún mọ́ ẹyọ pákó láti ìgbà náà. Èkíní ni ẹ̀rọ. Láti àwọn ọdún 1960 ni ẹ̀rọ ti wà tí ń tẹ pákó kọ̀ọ̀kan díẹ̀ bí ó ti ń kọjá, tí ó sì ń fi bí ó ṣe le tó mọ agbára tí ó ṣeé ṣe kí ó ní. Àwọn mìíràn ń kan igi, wọ́n sì ń wọn ìró rẹ̀. Ẹ ó rántí pé káfíńtà wa náà máa ń fi ìka kan pákó, kí ó tẹ́tí sí i. Síbẹ̀, ojú ènìyàn ṣì ń tẹ̀ lé ẹ̀rọ, pàápàá láti wo kókó etí pákó, nítorí líle àti agbára kì í ṣe ohun kan náà.

Èkejì ni kí a ṣe igi tuntun. Ní 1906, Otto Hetzer ní Weimar ní ilẹ̀ Jámánì gba àṣẹ ìdáni-nìkan lórí ìdábùú tí a fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ lẹ̀ pọ̀. Kókó kò lọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fọ́nká. Kókó pákó kan kò bọ́ sí abẹ́ ti èkejì, aládùúgbò rẹ̀ a sì gbà á lẹ́rù. A tún lè to èyí tí ó dára jù sí ìsàlẹ̀, níbi tí Duhamel ti kọ́ wa pé fífà pọ̀ jù. Nítorí náà, nígbà tí a bá dán irú igi bẹ́ẹ̀ wò, èsì wọn a máa sún mọ́ra. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń lẹ pákó ní ìdábùú lé ara wọn ní Austria àti Jámánì láti fi ṣe odindi ògiri. Ṣùgbọ́n ìdánwò tuntun wọlé: a ní láti rẹ igi náà sómi, kí a tún gbẹ ẹ́, láti mọ̀ bóyá àtè tí ó so wọ́n pọ̀ yóò já wọn kalẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Kí ni kí a wá ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, irú igi tí ó wà lọ́jà wa kì í ṣe èyí tí ó wà níbẹ̀ ní 1973. Ìrókò ti di ọ̀wọ́n. Igi tí àwọn bàbá wa kò kà sí igi ilé ti wà lórí òrùlé wa báyìí, nígbà mìíràn lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní àwọn yunifásítì wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán àwọn igi kan wò ní ìwọ̀n tí a fi ń kọ́lé. Ó yẹ kí iṣẹ́ náà gbòòrò, kí ó sì dé ilé ìlagi, kí a máa ya pákó sọ́tọ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò gùn ún. Lẹ́ẹ̀kejì, àwa olùkọ́ èdè ní ojúṣe tiwa. Káfíńtà àti onílàgi ní ọ̀rọ̀ fún igi tí ó sán, igi tí ó dagun, igi tí kókòrò ti wọ̀. Ẹ jẹ́ kí a gba àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn wọn, kí ìlànà tí ó bá jáde lọ́la lè yé ẹni tí ó ń lò ó.

Mo sì ní ohun kan láti bá ẹ̀ka tèmi sọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwa náà ti ń mú ewì tí ó tọ́, tí ẹnìkan kì fún wa nínú yàrá tí ó dákẹ́ rọ́rọ́. A ń yọ ìkọ́ àti ariwo agbo kúrò bí ẹni ń yọ kókó, a sì ń fi èyí tí ó kù ṣe ìdájọ́ gbogbo akéwì. Mo ti ṣe é rí, mo sì ti fi í kọ́ni.

Apá ọmọ-iṣẹ́ náà san, ó sì padà sí iṣẹ́. Mo gé ibi tí pákó náà ti ṣẹ́, ó wà lórí tábìlì mi ní ọ́fíìsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sábà máa ń bi mí pé igi wo ni. Mo máa ń sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn, lẹ́yìn náà mo máa ń ní kí wọ́n gbé e, kí wọ́n wo kókó náà fúnra wọn.